Ẹkúndayọ̀ Kan Ṣoṣo Ní Lomé

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ dáadáa ni Yvette, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní àdúgbò Agoè-Nyivé ní Lomé, dákẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kékeré kan. Mọ́tò ló gbá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹni tó gbá a ló fúnra rẹ̀ gbé e wá. Nọ́ọ̀sì bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó dáhùn, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí yóò fi gbójú sókè, ọkùnrin náà ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, mọ́tò náà sì ti lọ.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Oyèwọlé ka orúkọ inú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì: Ẹkúndayọ̀ Bàlògún. Josiane, nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gba ìlú Aného lọ láàárọ̀ yẹn lọ sin bàbá rẹ̀, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó dé.

Pélagie, ọlọ́pàábìnrin tó ń bá Oyèwọlé ṣiṣẹ́, ti yẹ orúkọ gbogbo ìlú wò nínú kọ̀ǹpútà. "Ọ̀gá, Bàlògún wà, wọn ò tiẹ̀ kéré. Ẹkúndayọ̀ ni kò sí. Kò sí ẹyọ kan ní gbogbo Lomé. Orúkọ irọ́ ni."

Oyèwọlé rẹ́rìn-ín. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn. Òun nìkan ni Yorùbá láàárín àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àgọ́ wọn, ọjọ́ tí ìyẹn máa wúlò fún un ló wá dé yìí.

"Ó wà," ó ní. "Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, mo sì mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

Inú ọgbà kan náà ni òun àti Ẹkúndayọ̀ ti jọ dàgbà ní àdúgbò Bè. Ilé Bàlògún ni wọ́n ń pe ọgbà náà, torí Alájì Bàlògún ló ni ín, Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá ló sì kún ibẹ̀. Bí o bá pe Mùkáílà nínú ọgbà yẹn, ọmọ mẹ́ta á dáhùn. Bí o bá pe Rídúwánù, méjì á yọjú. Ẹkúndayọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Bàbá ọmọ náà kú nígbà tó ṣì wà nínú oyún, orúkọ tí ìyá rẹ̀ rí fún un nìyẹn. Àwọn ọmọdé kò jẹ́ kó fi orúkọ náà gbádùn ara rẹ̀ rárá. Bó bá ti yọ báyìí, wọ́n á figbe ta: "Ẹkún dé o! Ta ló tún kú?" Ta ló sì dá orin burúkú yẹn sílẹ̀? Oyèwọlé yìí náà ni.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́wàá, ó sọ fún tíṣà pé Koffi lòun ń jẹ́. Ọjọ́ Ẹtì kúkú ni wọ́n bí i, orúkọ tí àwọn ará Lomé sì ń sọ ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Ẹtì nìyẹn. Koffi ò lóǹkà nílùú yìí. Ó wọ àárín wọn, ó sá pamọ́ síbẹ̀. Koffi Èjìdé ló wà lórí káàdì rẹ̀, Koffi ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é, Koffi Tẹ́lọ̀ ni gbogbo Bè mọ̀.

"Èjìdé kẹ̀?" ni Pélagie wí nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀ tán. "Bàlògún ló wà nínú ìwé."

"Orúkọ ilé tó ti dàgbà nìyẹn. Ó dà á pọ̀ ni. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n bá Koffi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ, àwọn oníbàárà mẹ́ta jókòó.

"Ibo lo wà ní ìrọ̀lẹ́ àná?"

"Ibí yìí. Mò ń ránṣọ."

"Ta ló rí ọ?"

"Ọjọ́ Àìkú ni, Oyè. Ta ní í wá? Ilẹ̀kùn wà ní títì."

"O mọ mọ́tò wà, àbí?"

"Mo wakọ̀ fún ọdún méjì ní Cotonou, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní mọ́tò. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

"Obìnrin kan kú sí ilé ìwòsàn. Orúkọ rẹ ni ẹni tó gbé e débẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹkúndayọ̀."

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àwọn oníbàárà. Ìyàwó náà kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ojú ti Koffi bí ẹni tí wọ́n bọ́ sí ìhòòhò lójú ọjà.

"Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ," ni Koffi wí. "Ìyá mi wo ilé, òkú ló rí. Ṣé ìwọ ò tíì rẹ́rìn-ín ẹ̀ tán ni?"

Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n mú un lọ.

Nígbà tí Oyèwọlé dé ilé rẹ̀ ní Kpogan ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ẹnu rẹ̀ ò gbófo. Ó ń ròyìn fún Ìyábọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti Akínyẹlé àbúrò rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. "Ọpẹ́lọpẹ́ orúkọ! Ká ní Koffi ló kọ síbẹ̀, ibo ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀?" Akínyẹlé sún oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ti yó.

Kó tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn ẹbí Yvette ti wá fọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ Koffi, àwọn oníbàárà sì ti wá kó aṣọ wọn. Ọjọ́bọ̀ náà ni Josiane dé tòun taṣọ ọ̀fọ̀. Oyèwọlé mú un dé ẹnu ilẹ̀kùn àtìmọ́lé.

"Madame, ọkùnrin yìí nìyẹn, àbí?"

"Rárá o."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Ọ̀gá, mo ti wò ó. Ẹni tó wá kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ń sunkún bí ọmọdé. Mo bi í lórúkọ, ó dúró, ó ronú kó tó sọ ọ́." Obìnrin náà yíjú sí i. "Láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ti bàbá yìí mọ́lé? Mo ní fóònù, ọ̀gá. Ẹ ò pè mí. Ẹ ò fi fọ́tò ránṣẹ́."

Pélagie wolẹ̀. Etí Oyèwọlé gbóná. Ó ti dá ara rẹ̀ lójú jù ni, ṣé ẹ rí i, kò rò pé ẹ̀rí kankan tún kù tí òun ń wá. Ó wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó jókòó, ó tún orúkọ náà wò. Lára Bàlògún yẹn ni ojú rẹ̀ ti là. Koffi ò jẹ́ Bàlògún lọ́jọ́ kan rí. Ta ló máa ń pè é ní Ẹkúndayọ̀ ilé Bàlògún? Òun fúnra rẹ̀ ni, bó bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà wo ló sì ṣe é gbẹ̀yìn? Ọjọ́ Sátidé ni, nídìí oúnjẹ, ẹni méjì ló jókòó tì í. Ìyábọ̀ ò mọ mọ́tò wà.

Oyèwọlé dìde. Ó pe Pélagie, wọ́n kọrí sí Kpogan.

Akínyẹlé jókòó lẹ́yìnkùlé. Awakọ̀ ni, oníṣòwò aṣọ kan ló gbà á síṣẹ́.

"Mọ́tò ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ Ajé."

"Kí ló ṣe é?"

Akínyẹlé dìde, ó fẹ́ wọlé.

"Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹni tó bá mọ Koffi ní Bè kò mọ Ẹkúndayọ̀. Àwa tá a jọ dàgbà mọ Ẹkúndayọ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé Èjìdé ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Ẹni tó lè so Ẹkúndayọ̀ mọ́ Bàlògún ni ẹni tí kò rí ọkùnrin náà rí, tó jẹ́ pé ẹnu mi nìkan ló ti gbọ́ ọ. A ti kó kúrò ní ilé Bàlògún kí wọ́n tó bí ọ. Lọ́jọ́ Sátidé, mo sọ̀rọ̀ rẹ̀, o gbọ́. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó wá kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń sunkún."

Akínyẹlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó já wọ títì lójijì ni. Mo gbé e lọ, wọ́n ní kí lorúkọ mi, ẹ̀rù bà mí."

"Kí ló dé tí o ò pe ara rẹ ní Mùkáílà? Kí ló dé tí o ò pe ara rẹ ní Koffi, bí gbogbo òpùrọ́?"

"Wọ́n pọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo ní bí mo bá pe ara mi ní Koffi, ẹ̀yin ọlọ́pàá á lọ mú Koffi kan tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo wá orúkọ tí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ mọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ọkùnrin náà ti sọ ọ́ nù tipẹ́, pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Mo rò pé kò ní kó bá ẹnikẹ́ni."

Pélagie kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó sì wo ibòmíràn. Lóòótọ́ ni: kò sí kọ̀ǹpútà tó mọ ọkùnrin yẹn. Oyèwọlé nìkan ló lè fi ọwọ́ júwe rẹ̀, ó sì júwe rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Nígbà tí mo wá sọ fún yín pé mo ti mú un ńkọ́? O gbọ́, o sì pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta!"

"Inú yín ń dùn, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí."

Oyèwọlé fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é. Ìyábọ̀ sáré jáde, ó káwọ́ lérí. "Bàbá Pẹ̀lúmi! Ọmọ ìyá yín ni o!"

"Mo mọ̀," ni Oyèwọlé wí. "Koffi náà ní ìyá."

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ó lọ ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé. Ènìyàn kún inú ibẹ̀. "Koffi Èjìdé," ó ní, "wọ́n ti dá ọ sílẹ̀."

Ọkùnrin náà ò dìde. "Koffi kọ́ lo wá mú lójú ìyàwó mi. Ẹni tí o mú ni kí o pè."

Gbogbo àwọn tó wà nínú àtìmọ́lé ń wò wọ́n. Láti kékeré, Oyèwọlé kò fi orúkọ náà pe ẹni tó ni ín rí láìrẹ́rìn-ín. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹkúndayọ̀ Èjìdé," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó kọjá lára rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é ní géètì. Oyèwọlé dúró síbẹ̀ tòun ti fìlà lọ́wọ́, kò lè gbójú sókè.