Irin Tí Husnah Tú

Husnah fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó di sípánà mú, ó ń tú nọ́ọ̀tù tó kẹ́yìn. Irin náà wúwo ju bó ṣe rò lọ. Nígbà tó já, díẹ̀ ló kù kó bọ́ lé e láyà. Ó rọra fà á jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń gba ẹnu ọ̀nà gáréèjì wọlé, ó sì ń wò ó bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀.

"Husnah! Ṣé inú ibẹ̀ lo wà?"

Tósìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń pè é. Kíá, Husnah ti irin náà sábẹ́ tápólì tó wà ní kọ̀rọ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

"Kí lo ń ṣe tí o ò fi dáhùn?"

"Kò sí nǹkan. Mo kàn ń wo abẹ́ ọkọ̀ ni."

Ẹ̀yìn ilé wọn ní Rippleside, ní ìlú London, ni gáréèjì náà wà. Síkírù, bàbá Husnah, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jó irin ní ilé iṣẹ́ mọ́tò ńlá kan ní Dagenham. Nígbà tí wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù tó sì lọ ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe níbòmíràn, ìfẹ́ mọ́tò kò kúrò lára rẹ̀. Ó gba ara ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ìpẹtà ti fẹ́ jẹ tán lọ́wọ́ aládùúgbò, òun àti ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà nínú rẹ̀, wọ́n fi abàmì ẹ́ńjìnnì kan rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá tan án, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù aládùúgbò á máa gbọ̀n. Họ́ọ̀tì rọ́ọ̀dù ni àwọn òyìnbó ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Síkírù ní tirẹ̀ ń pè é ní Ìyàwó Kejì, ìyá Husnah kì í sì í gbọ́ orúkọ yẹn kó má pòṣé.

Ohun tí Síkírù ṣe gbẹ̀yìn sára rẹ̀ ni irin nípọn tó yí kílọ́ọ̀ṣì ká, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ kàn án.

"Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá ń ké tantan, kílọ́ọ̀ṣì lè fọ́," ó wí. "Bó bá fọ́, àfọ́kù rẹ̀ á máa fò bí ọta ìbọn. Irin yìí ni yóò dá a dúró. Ọjọ́ tí irin yìí ò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ yìí ò gbọdọ̀ mira. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Dádì."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ Godswill, ọmọkùnrin kan láti Castle Green, ti fi í sẹ́yìn nínú eré ìje mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, àyè tó sì wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì kò ju gígùn apá lọ. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ká ní ó jìnnà sẹ́yìn ni, ì bá gba kámú.

"Sis, ọkọ̀ yín ń ru irin bí ọkọ̀ ológun," Godswill wí lójú gbogbo èèyàn. "Ẹ tú irin abẹ́ yẹn sọnù. Tèmi ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ta ló ń wo abẹ́ ọkọ̀? Àbí o fẹ́ máa jẹ eruku mi títí ayé?"

Àwọn tó dúró yí wọn ká rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bá Husnah délé, ó bá a wọ kíláàsì, ó bá a jókòó ti oúnjẹ. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ ni ó mú sípánà.

Nígbà tó di Sátidé, òun àti bàbá rẹ̀ gbé ọkọ̀ náà lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kan ní Essex, níbi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń sáré ìje. Tósìn bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dúró níwájú ọkọ̀, kó fi ọwọ́ júwe fún Husnah títí táyà á fi dé orí ìlà gan-an, kó tó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀, Magdalene, jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Ó máa ń sọ pé ariwo ọkọ̀ yẹn ò jọ ti Ọlọ́run, síbẹ̀ kò sí ìgbà tí kì í di mọ́ínmọ́ín fún ọmọ méjèèjì.

Michelle, obìnrin òyìnbó tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kó sáré, dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí òjò ń ṣú. Ọkọ̀ tó tò sẹ́yìn pọ̀. Síkírù ti lọ kírun àìlà lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé tiwọn wá.

"Irin kílọ́ọ̀ṣì ńkọ́?" Michelle bi Husnah. Ó ti ń tẹ̀ kó lè wo abẹ́ ọkọ̀.

"Ó wà níbẹ̀. Ẹ kúkú mọ Dádì mi."

Michelle wo sánmà, ó wo àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni, mo mọ Dádì rẹ," ó wí, ó sì nàró. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

Husnah de akoto mọ́rí. Tósìn dúró níwájú, ó ń júwe: díẹ̀ sí i, díẹ̀ sí i, ó tó. Ó gbé àtàǹpàkò sókè, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Godswill wà ní ọ̀nà kejì. Husnah tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ké. Iná àwọ̀ ewé tó ní kí wọ́n máa lọ tàn, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì.

Ó kọ́kọ́ rò pé ààrá ló sán. Ọkọ̀ náà fò sókè, ó balẹ̀ gbì, ó sì kú sójú kan. Àfọ́kù kílọ́ọ̀ṣì ti lu ihò ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èéfín ń tú níbẹ̀. Nǹkan ti gé ìdí bàtà Husnah, àmọ́ kò kan ẹran ara rẹ̀. Ó yọ akoto. Ìgbà yẹn ló gbọ́ igbe.

Tósìn wà nílẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò jọ orúnkún mọ́.

Àwọn èèyàn sáré bò ó. Síkírù já láti ibi ìrun láìwọ bàtà. Ó yọ bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi de itan ọmọ náà pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó ń pè é, "Tósìn, ọmọ mi, má sùn, wò mí." Nígbà tí ọkọ̀ àwọn aláìsàn gbé e lọ tán ni Síkírù tó dọ̀bálẹ̀ yọjú sábẹ́ Ìyàwó Kejì. Ó rí àwọn ihò nọ́ọ̀tù tó ṣófo. Ó dìde, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo tú u?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Michelle bi ọ́?"

Husnah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ìyá Tósìn ti ń lọ sí ọsibítù. Ìwọ ni yóò sọ fún un, kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èmi á dúró tì ọ́, àmọ́ mi ò ní bá ọ sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, àwọn dókítà ti ní ẹsẹ̀ náà ò ṣeé gbà là. Magdalene jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ aṣọ àdúrà rẹ̀. Husnah kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹnì kankan ṣàwáwí, kò tilẹ̀ dárúkọ Godswill. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin.

"Dìde," ó wí jẹ́jẹ́. "Má kúnlẹ̀ fún mi níbí, kí àwọn èèyàn má baà rò pé mo ti dárí jì ọ́. Mi ò tíì lè ṣe é. Mò ń bẹ Ọlọ́run kó fún mi ní agbára rẹ̀, kò tíì fún mi. Máa lọ sílé, ọmọ yìí."

Àwọn alábòójútó pápá náà gba iṣẹ́ àyẹ̀wò lọ́wọ́ Michelle. Wọ́n ní Síkírù ò gbọdọ̀ mú ọkọ̀ wá sí pápá yẹn mọ́ láéláé. Ó gbé iná ìjórin jáde ní ọjọ́ Àìkú kan, ó gé Ìyàwó Kejì sí wẹ́wẹ́ ní ẹ̀yìn ilé. Ìyá Husnah dúró lójú fèrèsé, kò pòṣé. Ní ti Godswill, ó sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé àwàdà ni òun ń ṣe. Bó bá rí Husnah lọ́nà, ó ń yà.

Ó pẹ́ kí Tósìn tó gbà kí Husnah wá kí òun. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kọ́ ìrìn nígbà náà. Husnah mú ọ̀rọ̀ púpọ̀ wá, àmọ́ Tósìn gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹsẹ̀ yìí kọ́ ló ń bí mi nínú," ó wí. "Èèyàn lè ṣàṣìṣe. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé o wò mí. Mo dúró níwájú rẹ, mo gbé àtàǹpàkò sókè fún ọ, o wo ojú mi láti inú akoto yẹn, o sì mọ̀. O mọ̀ pé irin ò sí níbẹ̀. O ò sọ fún mi pé kí n sún kúrò."



Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Husnah padà sí ìdí ọkọ̀ níkẹyìn, lẹ́yìn tó ti kàwé nípa ẹ̀rọ, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé kí ó padà. Ní etí òkun gígùn kan ní Wales, àti lórí adágún iyọ̀ gbígbẹ ní òkèèrè, orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tó ń fi mọ́tò sáré jù lórí ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń wá bá a, wọ́n fẹ́ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìtàn yìí ló máa ń sọ fún wọn, kì í sì í bò ó.

"Ẹni tó bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, òmùgọ̀ ni," ó máa ń wí. "Àmọ́ ẹni tó fi ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ láì jẹ́ kó mọ̀, olè ni. Ẹ̀rín àwọn èèyàn ò gbọdọ̀ sọ yín di olè. Bí ẹ bá ti mọ ewu, ẹ sọ ọ́ jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ni yóò gbẹ̀yìn nínú eré."

Dagenham ni Tósìn ń gbé títí di òní. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé ní òpópónà Heathway, wọ́n máa ń kí ara wọn, wọ́n á béèrè àlàáfíà ilé. Lẹ́yìn náà, kálukú á bá tirẹ̀ lọ.