Akòko àti Làlí

Sàlámì ń ki yanrìn mọ́ ìdí ẹ̀ka akòko nígbà tí ọmọbìnrin kan fọhùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ti dorí ẹ̀ kodò."

Sàlámì wò ó. Òótọ́ ni. Ó fà á tu.

"Ta ni ọ́?"

"Tọ̀yìbátù, ọmọ Alájì Mákánjú tó ta ilẹ̀ fún yín."

Ará Ìsẹ́yìn ni Sàlámì, Ìjànikin ló ti ń kọ́ni. Ọdún tí owó epo kún ìlú ló kọ́lé kékeré sí Badagry. Igi kékeré ló ń wá, èyí tí yóò máa tanná nígbà àkọ́rọ̀ òjò. Láti ọjọ́ náà, ọmọbìnrin yìí ló ń bá a yàn án.

"Làlí ńkọ́?" ni Sàlámì wí. "Òórùn rẹ̀ dùn."

"Làlí dáa. Akòko náà dáa."

"Èwo wá ni?"

"Èyí tó bá wù yín."

Kò yé Sàlámì. Ìfẹ́ ọmọbìnrin náà ti kó sí i lórí. Nígbà tó yá, Tọ̀yìbátù ní, "Ẹ gbin akòko síbi tí ọgbà wa ti wó, kí n lè máa rí òdòdó rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé."

Ó gbìn ín síbẹ̀. Nígbà tí igi náà rúwé, Sàlámì mú Dosu, àgbà àdúgbò, lọ tọrọ ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ igi ni Alájì fi bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló gbin akòko sórí ilẹ̀ mi?"

"Èmi ni, sà. Nítorí òdòdó ni."

"Akòko la fi ń pààlà níbí. O ra ilẹ̀, o ń fẹ̀ ẹ́. O tún fẹ́ fi ọmọ mi kún un."

"Màá fà á tu, sà."

"A kì í hú igi ààlà. Bí o bá hú u, o jẹ̀bi."

"Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

"Lórí ilẹ̀ mi?"

Ọkàn Sàlámì dàrú. Dosu ń rẹ́rìn-ín lọ́nà.

"Tíṣà, ìwé tí o kà kò dé ìdí akòko."

Sàlámì lọ bá Tọ̀yìbátù létí ọ̀sà.

"Ṣé o mọ̀ pé igi ààlà ni?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ní kí n gbìn ín síbẹ̀?"

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo ń wò, olówó orí mi. N kò wo ààlà."

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, Sàlámì kò fọwọ́ kan akòko. Ó wọ inú ilẹ̀ tirẹ̀ díẹ̀, ó gbin làlí ní ìlà kan, ó sì pe Alájì.

"Bàbá, làlí yìí ni ààlà mi. Èyí tó kù lọ́hùn-ún, tiyín ni, tòun ti akòko."

Alájì rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀.

"Ilẹ̀ tí o rà lọ́wọ́ mi lo fi sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò yé mi."

"Kò yé èmi náà, sà."

Alájì mí kanlẹ̀. "Lọ pe Dosu wá, ká sọ̀rọ̀ ọmọ."

Ewé làlí yẹn ni wọ́n lé sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Tọ̀yìbátù nígbà tí wọ́n so yìgì. Alájì ní òun kì í gba ohun tí òun ti tà. Sàlámì ní òun kì í gba ohun tí òun ti fi sílẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti kú. Ilẹ̀ tó wà láàárín akòko àti làlí ṣì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí i.