Kọ̀ǹpútà Tó Yára, Àmọ́ Tó Yadi

Ìyàwó kan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ti gbó. Ojú rẹ̀ kò ríran, ẹ̀rọ náà ló ń ka ohun tó bá tẹ̀ sí i létí. Ọ́fíìsì kan ló máa ń fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nípàdé ránṣẹ́ sí i pé kó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti ń wọ́ bí ìgbín. Ìyàwó á ti tẹ ọ̀rọ̀ kẹta tán kó tó gbọ́ àkọ́kọ́, àṣìṣe wá ń pọ̀. Ọ́fíìsì ti ní tó bá tún rí báyìí, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

“Iṣẹ́ yìí nìkan ni mò ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnì kan dì mí lọ́wọ́ mú,” ó sọ fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Kíákíá ló máa ń pè é, orúkọ náà sì ń ro ó.

“Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní Linux ló máa darí kọ̀ǹpútà yín báyìí. Ọ̀fẹ́ ni, oríṣiríṣi ló sì wà. Èyí tó fúyẹ́ jù ni mo mú wá.” Ó ki fíláàṣì kékeré tó gbé Linux náà sí bọ̀ ọ́. “Ẹ wò ó, ó ti ṣí.”

“Kí n fi kí ni wò ó?”

Kíákíá rẹ́rìn-ín, ó ní kó máà bínú. Ìyàwó tẹ lẹ́tà kan, ó tẹ òmíràn. Kò gbọ́ nǹkan kan.

“Kò bá mi sọ̀rọ̀.”

“A óò tún ìyẹn ṣe tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n pa ti àtijọ́ rẹ́ ná.”

Ìyàwó gbé ọwọ́ méjèèjì lé bọ́tìnnì. “Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Tí èyí bá yadi, tí ti tẹ́lẹ̀ sì ti lọ, kí ló kù fún mi? Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ tó gbóná, Kíákíá wa.”

Ó pe obìnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-ìkàwé lórí fóònù, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí Kíákíá lè gbọ́.

“Ó ṣeun tó kọ́kọ́ dán an wò lórí fíláàṣì,” obìnrin náà ní. “Ìyẹn kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ló ń mú irú èyí fúyẹ́. Nígbà míì, ohùn tó ń kàwé wà lára ẹrù náà.”

“Ṣé kí n gbé Linux tí èmi ń lò wá?” Kíákíá bèèrè.

“Kọ̀ǹpútà tìẹ ń kọ́?”

“Tuntun ni.”

“Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Wo RAM tiwọn, ìyẹn àyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Kó o wá èyí tó bá a mu, tó ń sọ̀rọ̀, tí àwọn tó ṣe é ṣì ń tún un ṣe.”

Lọ́jọ́ kejì, Linux míì tí Kíákíá mú wá lórí fíláàṣì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí. “Kò yára tó ti àná,” Kíákíá ń ráhùn. Ìyàwó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀rọ kà á lójú ẹsẹ̀. Ó tún tẹ òmíràn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún. Wọ́n kó àwọn iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ síbòmíràn, kí wọ́n tó wá gbé Linux náà wọlé.

Iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà, ọ́fíìsì ò dá a padà.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo agbára kọ̀ǹpútà yín, ẹ kó iṣẹ́ yín pamọ́ síbòmíràn, ẹ dán an wò lórí fíláàṣì kẹ́ ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó bèèrè èyí tó yára jù, ẹ bi ẹni tó ni kọ̀ǹpútà léèrè ohun tó ń fi í ṣe. Kíákíá ò bèèrè, díẹ̀ ló sì kù kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó wọn.