Àkísà Pupa Ìyápọ̀

Lójú ọ̀nà Ìgbòho sí Ṣakí, ọkọ̀ akẹ́rù kan dojú dé sínú kòtò, iṣu inú rẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Mojeed, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wà á, ti kú kí àwọn olóko tó fà á yọ. Kí oòrùn tó kanrí, àwọn kan ti fẹ́ dáná sun ṣọ́ọ̀bù Ìyápọ̀ mẹkáníìkì, torí Mákánjúọlá, bàbá Mojeed tó ni ọkọ̀ náà, ń pariwo pé iṣẹ́ jákujàku Ìyápọ̀ ló pa ọmọ òun. Ọlọ́pàá ti Ìyápọ̀ mọ́lé.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ọmọ́bọ́lá kì í fi ariwo dájọ́. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ, ẹrẹ̀ ń kun aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ ọ̀hún ga kó lè la ọ̀nà oko kọjá, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa fìyà jẹ irin tó so sítíárì mọ́ táyà. Irin náà ti yọ. Nọ́ọ̀tì tó dì í mú ti tú dànù, kò sì sí pínnì tó yẹ kó dá nọ́ọ̀tì dúró.

Ó lọ bá Ìyápọ̀ ní àtìmọ́lé.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣé ẹ̀yin lẹ gbàgbé láti fi pínnì sí nọ́ọ̀tì sítíárì?"

"N ò gbàgbé o, n ò tíì parí iṣẹ́ ni. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí nọ́ọ̀tì yẹn. Pínnì ẹ̀ ṣì wà nínú agolo mi. Mo so àkísà pupa mọ́ sítíárì kí n tó lọ sílé nírọ̀lẹ́. Gbogbo awakọ̀ Ṣakí ló mọ̀ pé ọkọ̀ tí mo bá so àkísà mọ́, ẹnikẹ́ni kì í wà á. Ìgbà tí mo dé láàárọ̀, ọkọ̀ ti lọ, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún mi ṣì wà lápò mi."

"A ò rí àkísà kankan nínú ọkọ̀ náà."

"Ọ̀gá, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù mi."

Pínnì wà nínú agolo lóòótọ́. Àwọn àkísà yòókù rọ̀ sórí ìṣó, ara ìró pupa kan tó ní etí aláwọ̀ ewé ni wọ́n ti gé gbogbo wọn. Ọmọ́bọ́lá mú ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sílé Mákánjúọlá. Ó kí wọn kú ọ̀fọ̀, ó sì bi bàbá náà bó ṣe gba ọkọ̀ rẹ̀.

"Ìyápọ̀ ló fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní ó ti dára. Ẹ jẹ́ kó jìyà ẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n."

"Àkísà pupa ńkọ́?"

"Àkísà wo? Mi ò rí àkísà kankan."

Àpò èlùbọ́ kan wà ní igun ilé. Aṣọ pupa tí gíríìsì ti sọ di dúdú ni wọ́n fi so ẹnu rẹ̀. Fàtímọ̀, ìyá Mojeed, jókòó tì í, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún.

"Ìyá Mojeed, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí aṣọ tẹ́ ẹ fi so àpò yìí?"

"Láàárọ̀ ọjọ́ tí Mojeed lọ, mo fẹ́ fọ ṣòkòtò bàbá ẹ̀, mo bá a lápò ṣòkòtò náà."

Nílé àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, a kì í ju ohun tó lè so nǹkan nù. Ọmọ́bọ́lá fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ wé e. Etí aláwọ̀ ewé wà lára méjèèjì.

"Bàbá, ẹ purọ́ fún wa. Ká ní Ìyápọ̀ ti parí iṣẹ́, pínnì ò ní ṣẹ́ kù sínú agolo. Mojeed náà ò sì ní gun ọkọ̀ tó bá rí àkísà lára ẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀, tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ló lọ tú àkísà náà, tó wa ọkọ̀ wálé kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin ni."

Mákánjúọlá ṣí fìlà lórí.

"Òjò ti pa iṣu lóko fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti ń rà. Mo rò pé Ìyápọ̀ kàn ń fa iṣẹ́ gùn ni. Mo ní ìrìn ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

Fàtímọ̀ dìde, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Ọmọ́bọ́lá débi pé kò lè wò ó lójú.

"Ṣé Mojeed bi yín léèrè àkísà?"

"Ó bi mí."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní Ìyápọ̀ ti tú u."

Fàtímọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú aṣọ pupa náà kúrò lẹ́nu àpò, ó sì nà án sí ìnsípẹ́kítọ̀.

"Ẹ lọ tú Ìyápọ̀ sílẹ̀. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló sọ fọ́mọ mi pé kó má lọ."