Ìyá Kò-Tíì-Gbẹ

"Kò tíì gbẹ!"

Mi ò tíì gbójú sókè tí mo ti mọ ẹni tó dé. Ìyá oníbúrẹ́dì ni. Ó ti tú ìdì igi kan, ó mú igi méjì níbẹ̀, ó fi ọ̀kan lu èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó sì ju méjèèjì sílẹ̀. Ó tún kọjú sí ìdì mìíràn. Láti àárọ̀ kùtù ni mo ti ń di igi wọ̀nyí, okùn ti bó mi lọ́wọ́, obìnrin yìí sì ń tú wọn palẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó sọ nù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, igi yìí gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà nínú oòrùn."

"Ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màá kì bọ inú ààrò ni? Igi ni mò ń rà."

Nínú ilé wa, Ìyá Kò-Tíì-Gbẹ là ń pè é, àmọ́ ta ló tó bẹ́ẹ̀ níṣojú rẹ̀? Òun ló ni ilé búrẹ́dì tó wà ní ìpẹ̀kun àdúgbò wa, igi tó sì ń rà lọ́sẹ̀ kan ju ti gbogbo àwọn oníbàárà yòókù lọ. Màmá mi mọ bí wọ́n ṣe ń bá a lò. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ ṣa èyí tó bá wù yín." Gbogbo ohun tí màmá mi máa ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n màmá mi ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsinmi ilé ìwé, apá rẹ̀ kán, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí èmi ọmọbìnrin tí kò ní sùúrù ṣe di onígi nìyẹn o.

Mo fara da àwọn yòókù. Ọ̀kan á ná igi títí ẹnu á fi rẹ̀ mí, á wá ní "mò ń bọ̀," ó di gbére. Òmíràn á ní kí n la igi sí wẹ́wẹ́, àfi bíi pé ó fẹ́ fi ta eyín. Èmi á kàn rẹ́rìn-ín ni. Ti ìyá oníbúrẹ́dì nìkan ló ń mú orí mi gbóná.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó ní kí n di ogún ìdì sílẹ̀ fún òun. Agégi ṣẹ̀ṣẹ̀ já igi tútù sílẹ̀ fún wa láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Mo wo igi tútù náà, mo rántí gbogbo ìdì tí ìyá oníbúrẹ́dì ti tú. Mo ki igi tútù méjì méjì sí àárín ìdì kọ̀ọ̀kan, mo fi igi gbígbẹ yí i ká, mo sì so ó le dan-in dan-in.

"Ẹ wá tú u, ká wò ó," ni mò ń sọ, tí mò ń dá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó dé, ó ń kánjú. Ẹ̀yìn ìdì nìkan ló ti yọ igi wò. Ó lu wọ́n, ó tẹ́tí, ó sì wò mí lójú.

"Ó gbẹ. O ti ń mọ iṣẹ́, ọmọ mi."

Kò yìn mí rí. Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà, àmọ́ mo jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó igi náà lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá tó ń dáná ní ilé búrẹ́dì náà wá sí ilé wa. Bàbá Oníná la máa ń pè wọ́n. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n jókòó lórí ìtì igi kan, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Mo ní kí n wá dágbére fún màmá rẹ," ni wọ́n wí. "Ọ̀gá ní kí n máa lọ sinmi nílé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èéfín ló gba gbogbo ààrò. Búrẹ́dì ọjọ́ náà kò jinná, dídà ni wọ́n dà á nù."

"Ṣé igi ni, bàbá?"

"Rárá o. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ lu igi náà, ó gbẹ. Èmi ni mi ò mọ iná dá mọ́. Ọdún méjìlélógún tí mo ti ń dáná níbẹ̀! Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ojú yìí ló ti di bàìbàì."

Háà! Bàbá náà ń di ẹ̀bi mi ru ara wọn. Kò sẹ́ni tó rí mi nígbà tí mò ń di igi. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ wọn tí iná ti jó lọ́nà púpọ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo ki eré mọ́lẹ̀.

Ìyẹ̀fun kún ọwọ́ ìyá oníbúrẹ́dì dé ìgbọ̀nwọ́ nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹkún kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ dáadáa. Ó gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Lọ pe bàbá wá fún mi."

Ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ fi pàdé wọn. "Ẹ forí jì mí, bàbá. Mo dá yín lẹ́bi ohun tí ẹ kò ṣe. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín." Ó wá yíjú sí mi. "Mú igi méjì. Lu wọ́n. Kí lo gbọ́?"

"Igi ni, mà."

Bàbá Oníná bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà sì tẹ̀ lé wọn.

"Èyí tó gbẹ á dún kó. Èyí tó lómi nínú á dún bù. Láti ọ̀la lọ, gbogbo igi tó ń bọ̀ níbí, ìwọ lo máa lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó wọ ààrò, títí ìsinmi á fi tán. Mo lè lọ ra igi níbòmíràn, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá onígi ibẹ̀ á lè jẹ́wọ́ fún mi."

Mo lu igi títí apá ń ro mí. Nígbà tó yá, mo ń gbọ́ ìyàtọ̀ láìfetí sí i. Apá màmá mi ti san báyìí, àwọn èèyàn sì ń ti àdúgbò mìíràn wá ra igi wa torí pé kì í rú èéfín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lu igi kan lọ́dọ̀ agégi, mi ò mọ ìgbà tí mo sọ pé, "Kò tíì gbẹ!" Agégi kígbe pé, "Mo gbé o! Ìyá oníbúrẹ́dì ti di méjì!"

Mo sọ ọ́ fún ìyá oníbúrẹ́dì, mo sì fi orúkọ tí a fún un kún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí.

"Ti kí ni?"

"Ti gbogbo ìdì tí ẹ tú."

Mo dúpẹ́ tọkàntọkàn. Oníbàárà tí mo rò pé ó ń ni mí lára, òun gan-an ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀tàn tí mo fi ń gbẹ̀san lára rẹ̀, orí aláìṣẹ̀ ló bọ́ sí, òtítọ́ nìkan ló sì bá mi tún un ṣe.

Bàbá Oníná na búrẹ́dì gbígbóná kan sí mi. Mo gbé e sétí, mo fi ìka lu ìdí rẹ̀.

"Bàbá," ni mo wí, "kò tíì jinná!"