Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Dọ̀bálẹ̀?

Ọjọ́ tí Ismaheel kọ́kọ́ wọ kíláàsì Marufat, òógùn bò ó, eruku àpò kajú sì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Yàrá kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ni Marufat ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Faransé. Àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń wá. Kò retí géńdé ọkùnrin.

"Ẹ káàsán, Madam," ni Ismaheel wí. "Kajú ni mò ń tà fún àwọn ará Kútọnu. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé láàárín ara wọn, mo ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ nìyẹn. Mo fẹ́ máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ sọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ná, Madam. Ìyẹn ni màá fi mọ èyí tí màá sọ."

Marufat bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Marufat dùn, ẹ bi í nípa Mọ́ńfálì. Ìlú kékeré kan ni ní ilẹ̀ Faransé, ìtàn ìlú náà ló sì fi gba oyè ní yunifásítì. Kò dé ibẹ̀ rí o! Ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo ìdílé ọlọ́lá ibẹ̀, ẹni tó bí ta, ẹni tó fẹ́ ọmọ ta, ẹni tó bá ta jà.

"Ìdílé méjì wà níbẹ̀ tí kì í kí ara wọn," ló sọ fún Ismaheel lọ́jọ́ kan tí àwọn yòókù ti lọ. "Ta ni yóò kọ́kọ́ ṣí fìlà fún èkejì? Ohun tó fa ìjà nìyẹn, láti ìran dé ìran."

"Nítorí fìlà?"

"Fìlà lásán! Ìgbà tí àwọn ọmọ wọn wá fẹ́ra, wọ́n ní kí baba méjèèjì pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń dé fìlà níwájú Ọlọ́run? Fìlà méjèèjì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà."

"Áà, òyìnbó náà ń ṣe irú ìyẹn!" ni Ismaheel wí. Ṣùgbọ́n ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ ló ń wò, kì í ṣe Mọ́ńfálì.

Kò pẹ́ tó fi ń ti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ń gbé, wá lọ́jọ́ tí kò sí kíláàsì, máńgòrò nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. "Madam" di "Marufat," "ẹ" di "o." Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ síta.

"Marufat, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Faransé, ahọ́n mi ló kọ̀."

"Mo gbọ́ ti Yorùbá, olówó orí mi," ni Marufat dáhùn. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé kò rántí gba máńgòrò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì kò sọ. Marufat ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni òun, Ismaheel ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun. Ẹ má pè é ní irọ́, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wà nílùú ńlá tí yóò máa dárúkọ ìlú kékeré tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í dé? Ọmọbìnrin tó mọ baba ńlá àwọn ará Mọ́ńfálì lórí, ojú ń tì í láti dárúkọ ìlú baba tirẹ̀.

Ọjọ́ tí Ismaheel wá kí Alhaji Hussein, baba Marufat, ni àṣírí tú. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhaji, tó ń ta awọ ní Ọ̀yọ́, fi ọ̀yàyà gbà á.

"Wọ́n bí ọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo gbọ́. Ilé baba rẹ ńkọ́?"

"Òkè-Ayán ni, sà. Ẹ̀yìn Ìkòyí-Ilé."

Marufat pariwo. "Òkè-Ayán? Ìwọ náà?" Ó fẹ́ fò mọ́ ọn pẹ̀lú ayọ̀, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ilé wo ní Òkè-Ayán?"

"Ilé Láwọyin, sà."

"Ilé Ajíbóyè ni àwa."

Ilé méjèèjì ló ń jọba ní Òkè-Ayán, bí ọ̀kan bá jẹ, èkejì á jẹ. Láyé àtijọ́, ìgbà tó kan Láwọyin, Ajíbóyè gba ìtẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Láwọyin wá búra pé adé nìkan ni àwọn yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún, ẹni tó bá dé e ì báà jẹ́ ẹnikẹ́ni. Ní ti ọmọ Ajíbóyè tí kò dé adé, àyà ọmọ Láwọyin kankan kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń gbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá láìdọ̀bálẹ̀ fún àna?

"O dọ̀bálẹ̀ nítorí o kò mọ̀," ni Alhaji wí.

"Mo ti mọ̀ báyìí, sà. Màá sì tún dọ̀bálẹ̀."

"Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan kọ́ ló ń gbéyàwó. Bí baba rẹ kò bá dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ mi, ọmọ mi kò lọ."

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Baba Mùílì, tó bí Ismaheel, mi orí. "Ọmọ náà wù mí. Baba rẹ̀ ni n kò lè dọ̀bálẹ̀ fún. Kí ni màá sọ fún baba mi lọ́run?"

Marufat sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ismaheel ní kí àwọn lọ sí kọ́ọ̀tù.

"Rárá, àyànfẹ́ mi. N kò lè gbé ilé ọkọ tí baba mi kò ní lè yà sí."

"Kí la wá fẹ́ ṣe? Ìwọ tí o mọ Mọ́ńfálì, kí ni wọ́n ṣe níbẹ̀?"

Marufat nu ojú rẹ̀. "Ismaheel, níbo ni baba tèmi àti baba tìrẹ ti jọ ń dọ̀bálẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Ààfin!"

Wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìdána náà ní ààfin Òkè-Ayán, níwájú Kábíyèsí. Baba wo ni yóò kọ̀ kí wọ́n ṣe ìdána ọmọ òun nílé? Àwọn méjèèjì gbà, oníkálukú sì ń retí pé ẹnì kejì ni ọ̀rọ̀ yóò sú.

Lọ́jọ́ náà, ìlú kékeré yẹn kún. Bí Kábíyèsí ti yọ, gbogbo ọkùnrin wólẹ̀ pọ̀, "Káábíyèsí o!" Bí Ọlọ́run yóò ti ṣe é, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni baba méjèèjì ṣubú sí.

Kábíyèsí kò ní kí wọ́n dìde. Tíṣà ni kó tó jọba, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ títí yóò fi gbọ́n.

"Ẹ má dìde ná," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti gorí ìtẹ́, n kò rí ilé méjèèjì nílẹ̀ pọ̀ báyìí rí. Ẹ jẹ́ kí n wò yín dáadáa."

Wọ́n pẹ́ nílẹ̀. Marufat, tó kúnlẹ̀ lábẹ́ ìbòrí, ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Alhaji," ni Baba Mùílì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ̀yìn mi o."

"Tèmi ti kú tipẹ́," ni Alhaji dáhùn, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" ni Kábíyèsí bi wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè sọ. "Ó dáa. Ẹ dìde."

Orúnkún Alhaji kò gbé e. Baba Mùílì ló fà á lọ́wọ́ sókè.

"Èmi lẹ dọ̀bálẹ̀ fún o," ni Kábíyèsí wí. "Ẹ ò tíì tọrọ ìyàwó."

Ismaheel wólẹ̀ níwájú Alhaji. Gbogbo ojú yí sí baba rẹ̀. Níbi tí ọgbọ́n Marufat parí sí nìyẹn, kò sí Mọ́ńfálì mọ́.

Baba Mùílì wo agbádá rẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ti bà á jẹ́ láti àyà dé ìsàlẹ̀.

"Aṣọ ti dọ̀tí náà," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n kúkú parí ẹ̀."

Ó wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Alhaji kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé e dìde, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbọn erùpẹ̀ pupa kúrò láyà àna rẹ̀. Lábẹ́ ìbòrí, Marufat ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́mọ́ọ̀mù so yìgì lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé báyìí, Marufat sì ti ṣí kíláàsì mìíràn síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan bi í pé, "Madam, ọmọ ibo ni yín gan-an?"

"Òkè-Ayán," ni Marufat dáhùn kíá. "Ẹ kọjá Ìkòyí-Ilé. Tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti lọ, ẹ ti dé ilé wa."