Ọwọ́ Abẹ́ Aṣọ

Ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì náà kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni, ìbòmú ṣì ń yún un nímú, ó sì rí baba arúgbó kan tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò láti orí dé orúnkún. Lábẹ́ etí aṣọ náà ni ọwọ́ baba ti yọ, ọwọ́ ọkùnrin mìíràn sì dì í mú bí ẹni di ẹyin mú. Abẹ́rẹ́ ti gún àwọn ìka ọkùnrin náà títí wọ́n fi le, síbẹ̀ ó rọra di ọwọ́ náà mú débi pé ara nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, ọkùnrin náà ń wò ó. Ojú nìkan ló hàn lókè ìbòmú rẹ̀, ojú náà sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàbọ̀ o, àlejò," ni ó wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni dókítà máa ń na ẹsẹ̀ sí bí ẹni tó wà nílé ẹ̀."

"Etí mi ò di o," ni dókítà dáhùn, kò gbójú sókè.

Láti ilẹ̀ òkèèrè ni nọ́ọ̀sì náà ti wá. Ó bá àwọn dókítà kan wá tí wọ́n máa ń fi ìsinmi wọn la ojú àwọn tí kò lówó ìtọ́jú, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan wà lọ́kàn rẹ̀. Ìyá tó bí i wà nílé, awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. "Ọ̀bẹ ò ní kan ojú mi," ni ìyá máa ń wí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe wá ń tọ́jú ìyá oníyàá.

Ọkùnrin náà kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Télọ̀ ni. Òun ló rán àwọn aṣọ tí wọ́n fi ń bo aláìsàn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ojú bàbá rẹ̀, ẹ̀rù ba baba débi tó fi ń ké pe ọmọ, ni dókítà bá ní kí ọmọ wá jókòó tì í. Láti ìgbà náà, bí àwọn dókítà bá ti dé, télọ̀ á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á wá di ọwọ́ mú.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ẹni tí wọ́n ń ṣe ojú fún kì í sùn. Oògùn kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, ṣùgbọ́n etí là sílẹ̀, àyà ń já, orí kò sì gbọdọ̀ mì. Nítorí náà, bí ikọ́ bá ń bọ̀, aláìsàn á fún ọwọ́ tó dì í mú lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń dùn ún, á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Télọ̀ á ké pé, "Ẹ dúró!" dókítà á sì gbọ́wọ́ sókè kí ewu tó dé. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni àwọn aláìsàn ń pè é.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ilé ìwòsàn. Télọ̀ ń lẹ aṣọ kan tó ya, ó ń wo aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ń mi orí.

"Ta ló rán aṣọ yìí fún yín? Ṣé ẹ ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Wọ́n kàn pín in fún wa ni. Kí ló ṣe é?"

"Ó gba ẹni méjì."

"Ṣé ẹ mọ ẹnì kan tó ń wá ilé ni?"

Abẹ́rẹ́ gún télọ̀ nínú àtàǹpàkò. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, aṣọ náà ti bá a mu rẹ́gí.

Ìfẹ́ kì í ṣe é fi pamọ́. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, àwọn aláìsàn tí ojú wọn ò tíì là pàápàá ti rí i.

Nígbà tí mọ́tò fẹ́ kó àwọn àlejò padà, télọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fún un lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀ẹ̀kan, ikọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì, ìrora," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta wá ńkọ́?"

"Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ó ní, mo gbà ọ́ tọkàntọkàn. Olólùfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní "ẹ̀yin." Obìnrin náà fún ọwọ́ télọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wọ mọ́tò.

Nígbà tó délé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó tilẹ̀ fún ọwọ́ ìyá lẹ́ẹ̀mẹta kó lè yé e. Ìyá fa ọwọ́ rẹ̀ yọ.

"Mo ní kó o lọ tọ́jú ojú, o fi ojú wá ọkọ! Ṣé ó tiẹ̀ gbọ́ èdè wa?"

"Ó gbọ́ ọ dáadáa, Màmá. Ìyá ìyá ẹ̀ ló kọ́ ọ."

"Kó fi wá ìyàwó nílùú wọn. Àjò kì í dùn kónílé má relé. Bó o bá bá a lọ, ta ló máa sọ fún mi pé ilẹ̀ ti mọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún ọmọ lọ́kàn. Ó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó sọ fún télọ̀ lórí fóònù pé òun ò lè fi ẹkún ìyá òun wọ ilé ọkọ.

"Mi ò ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀," ni télọ̀ dáhùn. "Màá dúró. Aṣọ tá a bá fi ìkánjú rán kì í pẹ́ tú."

Ohùn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Oṣù ń gorí oṣù. Ọmọ ń rù, kò sì dárúkọ télọ̀ mọ́. Ìyá kò ríran, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí ṣíbí ọmọ ṣe ń kan àwo láìdé ẹnu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá fẹ́ bu tíì fún un láti fi tù ú nínú. Omi gbígbóná dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó sì jó ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ kò ké. "Kò sí nǹkan kan, Màmá," ni ó wí. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn dun ìyá ju igbe lọ.

"Pe ẹni tó ń di ọwọ́ mú yẹn," ni ìyá wí níkẹyìn. "Bí kò bá jókòó tì mí, mi ò ní dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì dókítà kankan."

"Màmá! Ṣé ẹ ti gbà nìyẹn?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ yá."

Télọ̀ dé pẹ̀lú báàgì kan, àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ wà nínú ẹ̀.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni ìyá wí fún un, "èmi ò sì lójú. Sọ̀rọ̀ kí n gbọ́. Ṣé o fẹ́ gbé ọmọ mi lọ ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹ̀rọ ìránṣọ rọrùn láti gbé ju ìyá lọ. Èmi ni màá kó wá sọ́dọ̀ yín."

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ. Wọ́n ní ojú àwọn ti là, àwọn á mọ ọ̀nà wá kí wa."

"Màá rò ó," ni ìyá wí.

Dókítà tó máa ń na ẹsẹ̀ yẹn náà ló ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀hún. Nọ́ọ̀sì ń na irinṣẹ́ sí i. Télọ̀ jókòó, ọwọ́ ìyá wà nínú tirẹ̀ lábẹ́ etí aṣọ. Ọwọ́ náà tutù, ó sì le, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ó rọ̀. Ìyá fún un lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ dúró!" Ikọ́ wá, ikọ́ lọ. Iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ náà tún fún un. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Gbogbo ọgbọ́n fò lọ lórí télọ̀. "Ẹ dúró! Ẹ dúró o!"

Dókítà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Kí ló dé? Ikọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó ń dùn wọ́n?"

"Rárá, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

"Kí ló ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta?"

Nọ́ọ̀sì ti mọ̀. Ó fi apá bo ojú. Lábẹ́ aṣọ, ohùn ìyá jáde wá: "Dókítà, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

"Ìyá, ẹ má sọ̀rọ̀!"

"Mo ti dákẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú náà. Ìyá ṣẹ́jú. Ó wo ọmọ rẹ̀ pẹ́, ó fọwọ́ kan ibi tí tíì ti jó o, ó sì sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí télọ̀.

"Ṣé bó o ṣe rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ọwọ́ rẹ dáa ju ojú rẹ lọ. Ṣùgbọ́n a ó gbà á bẹ́ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ti télọ̀, ó sì fi tirẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀.

"Ojú kejì ṣì kù o," ni ó wí. "Ẹ má jìnnà sí mi."